Ríìlì tó ń ké, ríìlì tó dákẹ́: kí ni ariwo yẹn wà fún?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ ẹja pípa ní ìlú òyìnbó, tó gbé ríìlì méjì lọ́wọ́, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré ìdí ọ̀pá tí wọ́n ń wé okùn ìwọ̀ mọ́, tó sì fi ìka yí wọn wò, ẹnu á yà á. Ọ̀kan á ké kẹrẹrẹrẹ, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á gbọ́. Èkejì á yí lọ wẹ́rẹ́ láìsọ nǹkan kan. Owó wọn sì lè má jìnnà síra. Ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé e, tí àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ ti bi mí láìmọye ìgbà látìgbà tí mo ti ń gbé ọ̀pá lọ sódò níbí, ni pé: èwo ló dáa jù? Ṣé èyí tó ń pariwo ló lágbára? Ṣé ariwo yẹn ò ní lé ẹja lọ? Ṣé èyí tí kò fọhùn yìí ò ti bàjẹ́?

Èmi á kọ́kọ́ dáhùn, kí n tó wá tú u palẹ̀. Ariwo ríìlì ò sọ fún ni bóyá ríìlì náà lágbára tàbí kò lágbára, ẹja ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Etí ẹni tó mú ọ̀pá dání ló wà fún. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú ni pé ìró kan náà ń ti inú oríṣi ẹ̀rọ méjì jáde, iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀kan ò sì jọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú èkejì rárá.

Irú ẹja pípa tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní fly fishing. Wọn kì í fi ekòló dẹ ẹja níbẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ, irun ẹran àti òwú ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀ kékeré kan títí tí á fi jọ kòkòrò tó bà sójú omi. Ìwọ̀ oníyẹ́ yìí fúyẹ́ débi pé kò ṣeé jù. Ẹni tó bá ti fi òjé so mọ́ ìwọ̀ rí, tó jù ú sínú ọ̀sà, mọ̀ pé òjé ló ń fa okùn lọ. Níbí, okùn ló ń gbé ìwọ̀ lọ. Wọ́n dìídì ṣe okùn náà kó nípọn, kó sì wúwo. Apẹja á fi ọwọ́ fà á jáde nínú ríìlì díẹ̀díẹ̀, á máa fi ọ̀pá nà án síwá sẹ́yìn lókè orí rẹ̀, á wá jẹ́ kó balẹ̀ sórí omi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé ríìlì ò ṣe nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Ìdí ọ̀pá ló wà, okùn ló ń tọ́jú. Okùn tó nípọn yẹn sábà máa ń gùn tó mítà 27. Òmíràn tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú bọ́bìn, ìyẹn apá ríìlì tó ń yí tí okùn wé mọ́, fún ọjọ́ tí ẹja bá sá lọ jìnnà. Ní iwájú pátápátá, níbi tí ìwọ̀ wà, ọ̀rá tín-ín-rín tí ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ló wà. Fún ẹja tráòtù, ọ̀rá yìí lè má nípọn ju mílímítà 0.15 lọ, nǹkan tó sì wúwo ju kílò méjì lọ díẹ̀ ti lè já a. Ẹ fi ọ̀rá yìí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo wàhálà ríìlì dá lé lórí.

Ìgbà tí ẹja bá gbé ìwọ̀ sẹ́nu, tó rí i pé nǹkan ti mú òun, tó wá bẹ́ lọ, ìgbà náà ni iṣẹ́ ríìlì bẹ̀rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí apẹja bá di okùn mú gírígírí, ọ̀rá á já. Bó bá sì jẹ́ kí bọ́bìn máa yí bó ṣe wù ú, wàhálà mìíràn ń bọ̀, nítorí ẹja kì í sáré lọ títí. Á sáré, á dúró lójijì, á yí padà. Bọ́bìn tí eré ti wọ̀ lára ò mọ̀ pé ẹja ti dúró. Á ṣì máa yí, á máa tú okùn tí ẹnikẹ́ni ò fà, okùn yẹn á wú síta, á lọ́ mọ́ra, á ta kókó. Tí ẹja bá tún bẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kókó náà á há. Ọ̀rá já nìyẹn, ẹja ti lọ tòun ti ìwọ̀ lẹ́nu.

Torí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún ẹ̀rọ inú ríìlì ni kó dá bọ́bìn lẹ́kun, kó má sáré ju ẹja lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká tú ríìlì àtijọ́ kan sílẹ̀ lórí tábìlì. Kò gba wàhálà; síkúrù kan, tàbí irin pẹlẹbẹ kan tí a ń fi èékánná tì, ló di bọ́bìn mú. Bí a bá ti yọ bọ́bìn, nǹkan mẹ́ta la máa rí. Lẹ́yìn bọ́bìn fúnra rẹ̀, òrùka irin kékeré kan wà tó ní eyín yípo. Nínú ilé tí a ti yọ ọ́, irin ṣóńṣó kan wà bí orí ọfà, tí kò tóbi ju èékánná ìka ọmọdé lọ. Ahọ́n ni mo máa ń pè é. Súpíríǹgì kan wà lẹ́yìn ahọ́n, tó ń tì í kó má kúrò láàárín eyín. Ó tán. Ẹ fi ìka tẹ ahọ́n náà sẹ́yìn, ẹ máa rí i pé súpíríǹgì ń bá yín jà. Ẹ fi í sílẹ̀, á padà sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú ìró ká! kan ṣoṣo.

Bí bọ́bìn bá ń yí, eyín kọ̀ọ̀kan á ti ahọ́n sẹ́yìn, súpíríǹgì á dá a padà sáàárín eyín tó tẹ̀ lé e. Agbára tí eyín ń ná láti ti súpíríǹgì ló ń dá bọ́bìn lẹ́kun, ìró tí a ń gbọ́ sì ni ti irin tó ń kan irin. Ẹni tó bá ti gun básíkùlù rí ti gbọ́ ọ. Bí ẹsẹ̀ bá dúró tí básíkùlù sì ń dá yí lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ké bákan náà; ahọ́n àti eyín ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A máa ń sọ pé ahọ́n àti eyín á jà, wọ́n á sì rẹ́. Nínú ríìlì yìí, ìjà wọn gan-an ni iṣẹ́ wọn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ohùn náà fúnra rẹ̀, mo sì fẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ká ní eyín 30 ló wà lára òrùka yẹn, ká sì ní okùn kún bọ́bìn débi pé tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, okùn tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25 ló ń jáde. Ẹja tó ń rọra fa sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan á mú kí ahọ́n kan eyín lẹ́ẹ̀méjìlá ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Etí á gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ká, ká, ká, ká. Ṣùgbọ́n ẹja tó ń sáré mítà méjì ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá á mú bọ́bìn yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìyẹn ìró 300. Kò sí etí tó lè ya 300 sọ́tọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á yọ́ pọ̀ di igbe kan ṣoṣo tó lọ sókè. Ìdí nìyẹn tí ríìlì kan náà fi ń sọ kẹ́kẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fi ọwọ́ fa okùn jáde, tó sì ń han gooro nígbà tí ẹja bá bẹ́.

Kò tán síbẹ̀. Bí okùn ṣe ń tán lórí bọ́bìn, àyíká rẹ̀ ń kéré sí i. Tó bá kéré di ìdajì, ẹja tí kò yí eré rẹ̀ padà rárá á mú bọ́bìn yí ní ìlọ́po méjì, ohùn á sì ga sí i. Ó dà bí ìgbà tí onígángan bá fún ọsán mọ́ra. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ ríìlì rẹ̀ lè gbọ́ nínú igbe yẹn bí ẹja ṣe ń sáré sí, bó ṣe jìnnà tó, àti ìgbà tó fẹ́ dúró, láìwo ríìlì. Ojú rẹ̀ á wà lórí omi, níbi tó yẹ kó wà.

Láti ayé ìgbà wo? Ilé iṣẹ́ Hardy, tí William Hardy dá sílẹ̀ ní 1872 nílùú Alnwick, ní Northumberland lápá àríwá England, tí John James ẹ̀gbọ́n-àbúrò rẹ̀ sì wá dara pọ̀ mọ́ ọn, gbé ríìlì kan jáde ní 1891 tí wọ́n sọ ní Perfect. Ó ní bọ́ọ̀lù bẹ́ríǹ nínú kó lè máa yí geere, ó sì ní ahọ́n àti eyín tí èèyàn lè fi síkúrù kékeré kan mú le tàbí mú dẹ̀. Igbe Perfect ni ọ̀pọ̀ apẹja sámọ́nì létí odò Tweed àti odò Spey ní Scotland fi mọ̀ pé ọdún ẹja ti dé. Ní Amẹ́ríkà, Charles F. Orvis ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1874 fún ríìlì kan ní Manchester, ìpínlẹ̀ Vermont. Bọ́bìn tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ó sì ní ihò yíká kí atẹ́gùn lè gbẹ okùn, nítorí okùn sílíìkì ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, omi sì ń tètè jẹ ẹ́ rà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Orvis gbé ríìlì tí wọ́n fi àkọ́kọ́ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ pè, CFO, jáde ní 1971, ahọ́n àti eyín náà ló wà nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ Hardy ní Alnwick ló sì kọ́kọ́ ń bá wọn ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ríìlì tó ń ké ni ríìlì. Ẹni tó bá tipa bẹ́ẹ̀ dàgbà, etí rẹ̀ ò lè gba èyí tó dákẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹja òkun ló yí ọ̀rọ̀ padà. Tráòtù inú odò kékeré lè fa okùn lọ ní mítà mẹ́wàá, kó sì rẹ̀ ẹ́. Bonefish inú omi tí kò jìn ní Florida àti Bahamas lè fa mítà 100 lọ lẹ́ẹ̀kan náà kó tó dúró. Tarpon lè tóbi ju èèyàn lọ. Ẹja yìí kì í ṣe àjèjì sí àwa náà: láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà ló ń rìn, etíkun wa wà lára ọ̀nà rẹ̀, èyí tó tóbi jù tí wọ́n sì tíì kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n fi ọ̀pá àti ríìlì mú, Rubane ní Guinea-Bissau ni wọ́n ti mú un ní 2003, ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 130. Ahọ́n kékeré kan tó kan eyín ò lè dá irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ dúró. Nǹkan tó dà bí ìjánu ọkọ̀ ni wọ́n nílò.

Ìjánu náà ni wọ́n ṣe. Nínú ríìlì olómi iyọ̀, àwo pẹlẹbẹ ló ń fara ra àwo. Kọ́ọ̀kì, irú èyí tí a fi ń dé ìgò, ni ọ̀pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ted Juracsik, ọmọ Hungary tó fi Florida ṣe ilé, wà lára àwọn tó sọ ríìlì oníkọ́ọ̀kì di ohun tí àwọn apẹja tarpon gbẹ́kẹ̀ lé. Lónìí, kábọ́ọ̀nù wà nínú ọ̀pọ̀, wọ́n sì dì í pa kí iyọ̀ àti iyanrìn má ráyè wọlé. Apẹja á yí bọ́tìnnì kan, àwo á fún mọ́ àwo, okùn á nira láti fà. Bẹ́ríǹ kan tún wà níbẹ̀ tó ń yí sápá kan ṣoṣo, kí ìjánu má bàa di èèyàn lọ́wọ́ nígbà tó bá ń wé okùn padà.

Ẹ wá gbọ́ kókó ọ̀rọ̀. Àwo tó ń fara ra àwo kì í pariwo. Bó bá tiẹ̀ pariwo, ó ti fẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ríìlì oníjánu tí a dá bó ṣe yẹ, ìdákẹ́jẹ́ ni àdámọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ni wọ́n ń bèèrè ohùn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ni àwọn tó ń ṣe é bá fi ahọ́n kékeré kan àti súpíríǹgì tí kò lágbára sínú rẹ̀, láti máa sọ ká, ká, ká lásán. Ahọ́n yìí ò dá nǹkan kan dúró. Ó dà bí aago ẹnu ọ̀nà: ó ń sọ pé èèyàn ti dé, kò sì lè ti ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ igbe nínú ríìlì ahọ́n àti eyín, ìjánu gan-an lẹ gbọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ọ nínú ríìlì oníjánu, aago lẹ gbọ́. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí á máa fi igbe díwọ̀n agbára. Mo ti rí i kí ẹnìkan ra ríìlì nítorí pé ó ké ju ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kó gbé e lọ sí etí òkun, kí ẹja àkọ́kọ́ sì fa gbogbo okùn tán mọ́ ọn lára, igbe ń bẹ, ìjánu ò sí.

Lórí àtẹ lónìí, ẹ máa rí èyí tó ń ké lọ ké bọ̀, èyí tó ń ké nígbà tí okùn bá ń jáde tó sì ń dákẹ́ nígbà tí ẹ bá ń wé e padà, àti èyí tó dákẹ́ lọ dákẹ́ bọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ní ibi tí èèyàn lè tẹ̀ kí ohùn dáwọ́ dúró.

Ẹja ńkọ́? Ṣé kì í gbọ́? Ẹja ní etí, inú agbárí rẹ̀ ló wà, kò ní ihò síta. Ó tún ní ìlà kan ní ẹ̀gbẹ́ ara tó fi ń mọ̀ bí omi ṣe ń mì nítòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú omi dà bí ògiri fún ohùn tó ń ti inú afẹ́fẹ́ bọ̀. Nínú agbára ohùn tó bá ti òkè kan omi, nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ló ń wọlé. Ìyókù á ta padà sókè. Sámọ́nì àti àwọn ẹbí rẹ̀, tí tráòtù wà lára wọn, kì í sì í gbọ́ ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé púpọ̀ nínú ìró irin tó kan irin, ohùn òkè ni.

Ọ̀gbẹ́ni Alfred Ronalds ti dán nǹkan tó jọ èyí wò tipẹ́. Ó kọ́ ahéré kan sétí odò Blythe ní Staffordshire, ní England, ó ṣe fèrèsé sí i kó lè máa wo tráòtù nínú omi láìjẹ́ kí wọ́n rí òun. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1836, ó sọ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣe yin ìbọn níbi tí ẹja ò ti lè rí i. Tráòtù tí Ronalds ń wò ò mira. Bí ìbọn ò bá lé wọn, kí ni ríìlì á ṣe?

Ohun tó ń lé ẹja ni òjìji ẹni tó nàró sétí omi, àti ẹsẹ̀ tó ń tẹ òkúta lábẹ́ omi gììrì gììrì, nítorí èyí ò nílò láti la ojú omi kọjá. Inú omi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù ariwo ríìlì, tó sì ń wọ́ bàtà rọ́bà kiri inú odò, ibi tí kò yẹ ló ń wò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ rántí ìgbà tí ríìlì ń ké jù: lẹ́yìn tí ìwọ̀ ti wọ ẹja lẹ́nu ni. Ó ti mọ̀ pé nǹkan ṣe òun.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ohun tó gbé kálukú lọ sódò yàtọ̀. Àwọn kan lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ariwo. Wọ́n fẹ́ gbọ́ omi, ẹyẹ, àti ìgbà tí tráòtù bá yọ ẹnu sójú omi láti gbé kòkòrò, ìró tó kéré débi pé bí ẹ bá ń mí kíkankíkan ẹ ò ní gbọ́ ọ. Fún wọn, kí ríìlì máa sọ kẹ́kẹ́ kẹ́kẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fa okùn jáde dà bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú nínú ilé ìjọsìn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó tún ku ọ̀rọ̀ ará àdúgbò. Létí odò bíi Test ní Hampshire, níbi tí omi ti mọ́ gaara, ríìlì tó ké ti sọ fún gbogbo ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ odò pé ẹja ti jẹun lọ́dọ̀ yín. Ìyẹn dùn mọ́ àwọn kan. Àwọn mìíràn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí ẹja wà.

Àwọn tó fẹ́ ohùn náà ní ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo ti sọ ti etí tó ń ṣiṣẹ́ ojú. Ó hàn jù lóru. Ní Wales, létí odò Tywi, òru ni wọ́n ń pa tráòtù tó ń ti òkun wọ odò, èyí tí wọ́n ń pè ní sewin níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dúró sínú irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀, mi ò rí orí ọ̀pá mi, mi ò rí okùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Omi tutù ń fún mi lórúnkún. Lójijì ni nǹkan kan fa ọwọ́ mi sílẹ̀, ríìlì sì figbe ta. Igbe yẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹja náà ti doríkọ ìsàlẹ̀ odò. Nígbà tí ohùn rọlẹ̀ di ká… ká… ká, mo mọ̀ pé ó ti yíjú padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé okùn kó tó dẹ̀. Ká ní ríìlì tí kò fọhùn ló wà lọ́wọ́ mi lóru ọjọ́ yẹn, ìka mi nìkan ni mi ò bá fi mọ gbogbo èyí, ìka náà sì ti kú fún òtútù.

Àwọn kan á sọ pé ríìlì àtijọ́ ò ṣòro tún ṣe, òótọ́ sì ni. Bí súpíríǹgì bá kán létí odò, ẹni tó ní òmíràn lápò á fi sí i kí tíì rẹ̀ tó tutù. Ríìlì oníjánu tí wọ́n dì pa, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló kù kó padà lọ bá.

Bí ẹ bá ní èyí tó ń ké, tí ẹ sì fẹ́ kó rọra, gírísì díẹ̀ lórí eyín àti ahọ́n á mú kí ohùn náà rọ̀, kò ní lọ tán. Gírísì tí kò ju ìwọ̀n ẹ̀kán omi kan lọ ti tó. Bó bá pọ̀, iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa jẹ irin. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ yọ ahọ́n jáde pátápátá nítorí àtidákẹ́. Bó bá jẹ́ ríìlì ahọ́n àti eyín, ìjánu rẹ̀ lẹ yọ yẹn. Bọ́bìn á wá máa yí bí àgbá tó ń yí lọ lórí òkè, okùn á ta kókó ní ọjọ́ tí ẹja ńlá bá dé. Nínú ríìlì oníjánu, yíyọ ahọ́n ò léwu, nítorí aago lásán ni. Ọ̀pọ̀ ríìlì àtijọ́ ní ahọ́n méjì, ọ̀kan fún iṣẹ́, èkejì ní ìpamọ́. Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ariwo kì í jẹ́ kí èèyàn ronú kàn. Mo ti sọ pé àyíká okùn ń kéré bí ẹja ṣe ń sá lọ. Kì í ṣe ohùn nìkan ni èyí ń yí padà. Bí àyíká bá kù sí ìdajì, agbára tí ẹja nílò láti yí bọ́bìn náà á di ìlọ́po méjì, bí ẹ ò tiẹ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì ìjánu. Ẹ tún fi okùn gígùn tí omi ń fà kún un. Ọ̀rá tó ń gba ìnira náà mọ́ra nígbà tí ẹja wà nítòsí lè já nígbà tó bá jìnnà. Ìdí rè é tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń dẹ ìjánu díẹ̀ nígbà tí ẹja bá ti lọ jìnnà, tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì ń fún un le nítorí ìbẹ̀rù. Nínú ríìlì ahọ́n àti eyín, àtẹ́lẹwọ́ ló kù: ẹ rọra fi kan etí bọ́bìn tó ń yí, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ó bá yẹ, ẹ gbé e kúrò bí ẹja bá bẹ́.

Èmi fúnra mi fẹ́ràn èyí tó ń ké nígbà tí okùn bá ń jáde, tó sì dákẹ́ nígbà tí mo bá ń wé e padà. Ìgbà tí ẹja ń lọ ni mo nílò ìròyìn. Ìgbà tí mo bá ń wé okùn, ọwọ́ mi ti mọ ohun tó ń ṣe. Létí odò kékeré, èyí tó ń ké lọ ké bọ̀ ni mò ń gbé, ẹja ibẹ̀ ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ohùn náà sì dùn mọ́ mi. Bí mo bá mọ̀ pé mo máa bá ẹlòmíràn jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi kan láti àárọ̀ dalẹ́, èyí tó dákẹ́ ni mò ń mú, nítorí tirẹ̀.

Bí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má tíì gbé ríìlì sétí. Ẹ ní kí wọ́n so okùn mọ́ ọn, kí ẹnìkan mú un dání, kí ẹ sì fa okùn náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo bí bọ́bìn ṣe ń gbéra: ṣé ó rọra ṣí, àbí ó há díẹ̀ kó tó já lọ lójijì? Ìháhá kékeré yẹn ló ń já ọ̀rá. Ẹ fà á kíákíá, kí ẹ sì dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wò ó bóyá bọ́bìn dúró pẹ̀lú yín tàbí okùn wú síta. Ẹ fún ìjánu díẹ̀ sí i, ẹ tún fà á. Bó bá yege nínú èyí, ẹ wá fi ìka yí i, kí ẹ dẹtí sí i, kí ẹ mọ̀ bóyá ohùn tí ẹ fẹ́ máa gbọ́ létí odò nìyẹn.